Ẹsẹ̀ Rírọ Lára Pẹ́pẹ́yẹ Àgbàlá: Àpèjúwe Yorùbá Gẹ́gẹ́ bí Ìgbésẹ̀ Àkọ́kọ́ sí Ìtọ́jú ní Agbègbè Ọjọ́ọ̀, Ìbàdàn

1.0 Ìfáárà

Pẹ́pẹ́yẹ jẹ́ ohun ọ̀sìn tí ó rọrùn fún mẹ̀kúnnù láti sìn. Kì í béèrè ilé ńlá, kì í pariwo bí tòlótòló, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sàba lé ẹyin rẹ̀, òun náà ni ó sì ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ kiri. Ìdí nìyí tí a fi ń rí i nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Ọjọ́ọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, àti ní àwọn àdúgbò tí ó yí i ká. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí ó máa ń sọ iṣẹ́ ọ̀sìn yìí di òfo. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí ó ń sáré kiri ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Kí ó tó pẹ́, kò ní lè dìde mọ́ láti dé ìdí oúnjẹ àti omi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ebi àti òùngbẹ yóò sì parí ohun tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Gbólóhùn tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó ni ín ni pé, "Ó ti yarọ." Lẹ́yìn gbólóhùn yìí, ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà. Àwọn kan á mú ọ̀bẹ. Àwọn mìíràn á tú kóró oògùn agbógunti kòkòrò àrùn sínú omi fún un, láìbéèrè bóyá kòkòrò àrùn ni ó fa ìṣòro náà.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti ya oríṣi àìlera ẹsẹ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, àti pé ẹni tí ó bá lè ṣàpèjúwe ohun tí ó rí dáadáa ti rin ìdajì ọ̀nà dé ibi tí ìtọ́jú wà. A ó sì tún fi hàn pé oúnjẹ ni okùnfà tí a máa ń gbàgbé jù, pàápàá lára àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí a fi oúnjẹ adìẹ tọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí a wo ẹsẹ̀ ẹyẹ, kí a wo ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀, kí a sì wo ọpọ́n oúnjẹ rẹ̀, kí a tó sọ àìsàn rẹ̀ lórúkọ.

2.0 Pẹ́pẹ́yẹ àti Àyíká Rẹ̀

Pẹ́pẹ́yẹ tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àgbàlá wa ni èyí tí ẹran pupa yí ojú rẹ̀ ká. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un ni Cairina moschata. Ẹyẹ yìí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Láti Àárín Gbùngbùn àti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Nǹkan bí ọjọ́ 35 ni ó fi ń sàba kí ẹyin rẹ̀ tó pa, nígbà tí ti adìẹ jẹ́ ọjọ́ 21. Nínú igbó àti lẹ́bàá omi tí ó ti ṣẹ̀ wá, ewé, gbòǹgbò, èso, kòkòrò, ikán àti ẹja wẹ́wẹ́ ni ó ń jẹ.

Ọjọ́ọ̀ kì í ṣe ẹ̀yìn odi Ìbàdàn mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ó gba Ìwó Road wá ti pàdé ọ̀nà Ọ̀yọ́, ilé sì ti kún ibẹ̀. Níbi tí ògiri bá yí àgbàlá ká, tí a sì da kankéré bo ilẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ kò rí ikán ṣà mọ́, kò sì rí koríko tútù já. Ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ nìkan ni yóò jẹ: èérí ògì, àjẹkù ẹ̀bà, àgbàdo, tàbí oúnjẹ tí a rà fún òròmọdìẹ. Ìyípadà yìí ṣe pàtàkì fún ohun tí a ń sọ. Nígbà tí ẹyẹ ń jẹ̀ kiri, òun fúnra rẹ̀ ń wá ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Nígbà tí a sé e mọ́, àwa ni a di ẹni tí ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

3.0 Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Ṣàpèjúwe Àìlera Ẹsẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀-ìṣe yarọ wò. A ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ara ya àti ọ̀rọ̀-orúkọ arọ, bí a ti ṣẹ̀dá yadi láti ara ya àti odi, àti yàgàn láti ara ya àti àgàn, nípasẹ̀ ìpajẹ fáwẹ̀lì. Bí a bá wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fínnífínní, a ó rí i pé òpin ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń sọ ohun tí ẹ̀dá náà ti dà. Wọn kò sọ ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé pẹ́pẹ́yẹ òun ti yarọ kò tíì sọ ohunkóhun tí dókítà ẹran lè lò.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn wà tí wọ́n ń tọ́ka sí ọ̀nà náà:

(i) Tiro: ẹsẹ̀ kan ni kò tẹlẹ̀ dáadáa. Èyí ń tọ́ka sí ọgbẹ́, ẹ̀gún, eéwo tàbí ẹsẹ̀ tí ó rọ́.

(ii) Ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́: ẹsẹ̀ méjèèjì ń tẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ara kò dúró. Èyí lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àìlágbára, ó sì lè jẹ́ àmì májèlé.

(iii) Rọ: kò sí ọgbẹ́, kò sí egungun tí ó ṣẹ́, ṣùgbọ́n agbára ti tán nínú ẹsẹ̀. Ẹyẹ náà á máa fi oríkèé ẹsẹ̀ jókòó.

(iv) Wọ́: ẹsẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ egungun àti oríkèé tí kò dàgbà bí ó ti yẹ.

(v) Yà: ẹsẹ̀ kan lọ sí ọ̀tún, èkejì lọ sí òsì, àyà sì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ń yọ̀ ni a kọ́kọ́ ń fura sí.

(vi) Wú: oríkèé tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ ga ju bí ó ti yẹ lọ. A gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án kí a mọ̀ bóyá ó gbóná.

(vii) Kú: ẹsẹ̀ kò mira rárá, kò sì mọ̀ ọ́n bí a bá fún un léèékánná.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin "ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ" àti "ẹsẹ̀ rẹ̀ kú", tàbí láàrin "ó ń tiro" àti "ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́", kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán. Ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹyẹ tí yóò yè àti èyí tí yóò kú.

4.0 Àwọn Ohun Tí Ó Ń Fà Á

4.1 Àìtó Náyásìn

Náyásìn ni orúkọ mìíràn fún fítámìn B3. Gbogbo ẹyẹ ni ó nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ti pẹ́pẹ́yẹ ju ti adìẹ lọ. Nínú ìlànà tí National Research Council ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1994, mílígíráàmù 35 nínú kílò oúnjẹ kan ni a là sílẹ̀ fún òròmọdìẹ tí a ń sìn fún ẹran, ṣùgbọ́n 55 ni a là sílẹ̀ fún ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ìdí kan ni pé ara adìẹ lè fi tryptophan, ọ̀kan lára ohun tí ó para pọ̀ di purotéènì, ṣe náyásìn díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ara pẹ́pẹ́yẹ kò mọ èyí ṣe tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, oúnjẹ tí ó tó òròmọdìẹ lè má tó ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yó.

Àgbàdo tún dá kún ìṣòro yìí. Náyásìn wà nínú àgbàdo, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti so mọ́ ohun mìíràn tó bẹ́ẹ̀ tí ikùn kò lè tú u. Bí a bá sì ti rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, tí a da omi rẹ̀ nù, àwọn fítámìn tí ń yòrò nínú omi ti dínkù nínú èérí tí a ń gbé fún ẹyẹ. Àjẹkù ẹ̀bà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náyásìn àti purotéènì inú ẹ̀gẹ́ kéré gan-an.

Ìtàn ọmọ ènìyàn jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Amẹ́ríkà náà ni àgbàdo ti wá bíi pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò ti mọ̀ láti ayébáyé pé omi ẹfun ni a fi ń se àgbàdo kí a tó lọ̀ ọ́. Ẹfun yìí ni ó ń tú náyásìn inú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àgbàdo rékọjá òkun, ọgbọ́n ìsè náà kò bá a lọ. Àìsàn tí a ń pè ní pellagra bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn òtòṣì tí wọ́n gbára lé àgbàdo ní Spéènì àti Ítálì, lẹ́yìn náà ní gúúsù Amẹ́ríkà ti Ìṣọ̀kan. Ọ̀pọ̀ rò pé àkóràn ni, àfi ìgbà tí Dókítà Joseph Goldberger, láti ọdún 1914, fi ìwádìí hàn pé oúnjẹ ni. Ní ọdún 1937, Conrad Elvehjem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin rí i pé náyásìn gan-an ni ó ń wo irú àìsàn yìí sàn lára ajá. Bí àwọn ènìyàn ṣe fura sí kòkòrò àrùn nígbà náà ni a ṣe ń fura sí i lára pẹ́pẹ́yẹ lónìí.

Báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀? Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ yóò kọ́kọ́ ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rọ, ìdàgbàsókè rẹ̀ yóò falẹ̀. Lẹ́yìn náà oríkèé ẹsẹ̀ yóò wú, ẹsẹ̀ yóò sì wọ́. Àìsàn kan jọ èyí lára adìẹ, níbi tí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti ń fò kúrò ní àyè rẹ̀ nítorí àìtó máńgánéèsì tàbí kólínì. Nínú àìtó náyásìn, iṣan náà kì í sábà fò kúrò. Ẹni tí ó bá fi ìka tọ ẹ̀yìn oríkèé náà lè mọ ìyàtọ̀.

4.2 Ilẹ̀ àti Ọgbẹ́

Ara pẹ́pẹ́yẹ wúwo, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀, nítorí a dá a fún omi àti ẹrẹ̀. Lórí kankéré tí ó rí ṣágiṣàgi, àtẹ́lẹsẹ̀ á bó, kòkòrò àrùn tí ó ń jẹ́ Staphylococcus á gba ibẹ̀ wọlé, eéwo tí ó ní èépá dúdú á sì yọ. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ yóò máa tiro. Ní ìdà kejì, bí a bá kó ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sórí táìsì, ọ̀rá tàbí ìwé ìròyìn, ẹsẹ̀ wọn kò rí ohun dì mú, yóò sì yà.

4.3 Àìtó Kálísíọ̀mù àti Oòrùn

Fítámìn D, kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ó ń mú egungun le. Ọmọ tí a tì mọ́ inú òkùnkùn láìrí oòrùn, tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì pé, yóò ní egungun tí ó rọ̀ tí ó sì ń wọ́. Abo tí ó ń yé ẹyin náà lè fa kálísíọ̀mù inú egungun ara rẹ̀ ṣe èèpo ẹyin, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ní lè gbé e mọ́.

4.4 Májèlé

Ibí yìí ni ó yẹ kí olùtọ́jú ti ṣọ́ra jù. Ní ọdún 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa wọ́n, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ náà sì wà lára àwọn ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìwádìí fi hàn nígbẹ̀yìn pé ẹ̀pà tí ó ti bu ni a pò mọ́ oúnjẹ wọn. Báyìí ni a ṣe dá àfílátọ́sìn mọ̀, májèlé tí olú wẹ́wẹ́ ń pèsè lára ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ wà lára àwọn ẹyẹ tí májèlé yìí tètè ń ràn jù, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń lò ó láti dán oúnjẹ wò. Ọmọ tí ó bá jẹ ẹ́ lè máa tiro, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ di àwọ̀ elésè àlùkò, kí gìrì sì mú un. Iléeṣẹ́ ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967 lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí Ọjọ́ọ̀, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí Aflasafe, ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko láti dín májèlé yìí kù.

Májèlé mìíràn tún wà nínú òkú ẹran tí ó ti jẹrà àti ìdin ara rẹ̀. Ẹyẹ tí ó bá jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà ìyẹ́, lẹ́yìn náà ọrùn. Bí ọrùn bá ti rọ pẹ̀lú ẹsẹ̀, kí a má ṣe rò ó sí náyásìn.

4.5 Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ní oṣù kejì ọdún 2006 ni a kọ́kọ́ rí àrùn ẹyẹ H5N1 ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn ní gbogbo Áfíríkà. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé kòkòrò àrùn náà kiri láìsàn. Ó sì lè fa kí ọrùn ẹyẹ lọ́ kí ara rẹ̀ sì máa gbọ̀n. Bí ẹyẹ púpọ̀ bá ń ṣubú tí wọ́n sì ń kú lójijì, kí a má ṣe pa wọ́n jẹ, kí a má ṣe tà wọ́n, kí a tètè pe òṣìṣẹ́ ìlera ẹran.

5.0 Ohun Tí Olùtọ́jú Lè Ṣe

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí a ya ẹyẹ náà sọ́tọ̀, kí a gbé omi àti oúnjẹ sí ibi tí ẹnu rẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ni ó ń kú nítorí pé wọn kò lè rìn dé ìdí omi.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjèèjì rọ, tí kò sí ọgbẹ́, tí oúnjẹ òròmọdìẹ tàbí èérí sì ni ó ń jẹ, kí a fura sí àìtó náyásìn. Fítámìn B alápòpọ̀ tí ó ní náyásìn wà ní ilé ìtajà oògùn ẹran. Kí a lò ó nínú omi mímu gẹ́gẹ́ bí ìlànà ara rẹ̀ tàbí ìmọ̀ràn dókítà ẹran. Bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, ẹyẹ lè dìde láàrin ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti wọ́ tán, kì í sábà tọ́ mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà "ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́" fi ṣe pàtàkì: ìgbà náà ni ọwọ́ ṣì lè tẹ ọ̀rọ̀.

Láti dènà rẹ̀, kí a fi ẹja gbígbẹ tí a lọ̀, ìwúkàrà ọlọ́tí tí a sá gbẹ, tàbí ẹ̀pà kún oúnjẹ wọn. Nǹkan bí mílígíráàmù 12 náyásìn ni ó wà nínú 100 gíráàmù ẹ̀pà. Nínú àgbàdo, kò tó 4, ikùn kò sì lè lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kúlíkúlí dára bí kò bá ní iyọ̀ àti ata, tí a sì gún un kúnná. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bu, tàbí tí òórùn rẹ̀ ti yí padà, kí a dà á nù. Ohun tí a fẹ́ fi wo ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ di ohun tí yóò pa ẹyẹ.

Fún ẹsẹ̀ tí ó yà, kí a fi aṣọ rírọ̀ so méjèèjì pọ̀ díẹ̀, kí wọ́n wà ní ìwọ̀n àyè tí ó yẹ, kí a sì tẹ́ èèpo ìrẹsì tàbí ohun tí káfíńtà fá kúrò lára pákó sílẹ̀. Fún eéwo, kí a fọ ọ́, kí a gbé ẹyẹ náà kúrò lórí kankéré. Bí ó bá jinlẹ̀, dókítà ẹran ni kí ó là á. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí Ọjọ́ọ̀. Fún abo tí ó ń yé, èèpo ẹyin tàbí ìkarawun ìgbín tí a sun tí a sì gún wúlò.

6.0 Bí A Ṣe Lè Lò Ó Nínú Kíláàsì Yorùbá

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ìdáhùn wa ni pé iṣẹ́ wa ni láti kọ́ ọmọ láti sọ ohun tí ó rí. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kí ó sì yé e yékéyéké. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, ó sì fagi lé e ní ọdún 2025. Níwọ̀n ìgbà tí ó rí bẹ́ẹ̀, àkókò ẹ̀kọ́ Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ó kù fún wa láti rí i pé ọmọ kò pàdánù ọ̀rọ̀ tí ó fi lè ro àròjinlẹ̀ nípa ohun tí ó wà ní àgbàlá bàbá rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ lè lo kókó yìí fún àròkọ aṣàpèjúwe báyìí:

(i) Kí ó kọ tiro, rọ, wọ́, yà, wú àti kú sára pátákó, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ara ṣàfihàn èyí tí wọ́n bá lè ṣe.

(ii) Kí wọ́n wo ẹran ọ̀sìn kan nílé fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ láìlo ọ̀rọ̀ náà yarọ tàbí ṣàìsàn.

(iii) Kí wọ́n dáhùn ìbéèrè márùn-ún: Ẹsẹ̀ kan ni tàbí méjèèjì? Láti ìgbà wo? Kí ni ó ń jẹ? Irú ilẹ̀ wo ni ó ń tẹ̀? Mélòó nínú wọn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀?

(iv) Kí ẹni kan ka àpèjúwe tirẹ̀, kí àwọn yòókù sì sọ ohun tí wọ́n rò pé ó fà á, pẹ̀lú ìdí.

Olùkọ́ yóò rí i pé àpèjúwe tí kò péye kò lè mú ìdí kankan dání.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé pé àìlera ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, àti pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí a bá yàn láti fi sọ ọ́ ń darí ohun tí a ó ṣe sí i. A ti fi hàn pé ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí ń jẹ oúnjẹ adìẹ lè yó kí ebi náyásìn sì máa pa á, àti pé ẹ̀pà tí ó lè ran ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ lè pa á bí ó bá ti bu. A rọ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti mú irú kókó báyìí wọ inú kíláàsì. Ọmọ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàrin rọ àti wọ́ yóò lè sọ fún ìyá rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Ìyá mi, pẹ́pẹ́yẹ kékeré yẹn ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ o, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì wọ́." Nígbà náà, àyè ṣì wà láti tọ́jú rẹ̀.